Èsì: “Àìlágbára-ọkàn” kọ́, agara ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. Mo ní n ò ní dá sí i, ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi. Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlera fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ká bá òun wá orúkọ fún ohun tí òyìnbó ń pè ní burnout, ìyẹn nígbà tí iṣẹ́ bá ti lo ènìyàn gbẹ. Ẹnìkan kọ́kọ́ gbé “ìjóná” wá. Ìyẹn ò gba àríyànjiyàn. Ẹni tó bá jóná, dìgbàdìgbà ni wọ́n á gbé e lọ sí ọsibítù, wọn ò ní fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n wa Ọ̀mọ̀wé kó “àìlágbára-ọkàn” kalẹ̀, gbogbo yín wá ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀wọ̀ yín ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú u: àì, ní, agbára, ọkàn. “Ní” yẹn gan-an ni mo bá ń jà. Bí Yorùbá bá ní ẹnìkan kò ní nǹkan, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni náà ló ń bú. Àìnítìjú. Àìláàánú. Àìnílàákàyè. Ẹ wo àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ẹ kó nọ́ọ̀sì tó ti ń ṣiṣẹ́ òru láti oṣù mẹ́ta sí!

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èdè wa kì í dá ẹni tó rẹ̀ lẹ́bi. Ta ló ń sọ pé “mo rẹ̀”? Ó rẹ̀ mí ni. Àárẹ̀ mú mi. Agara dá mi. Ó sú mi. Oorun ń kùn mí. Nínú gbogbo wọn, èmi ni àbọ̀, ẹni tí wọ́n ṣe é sí, n kì í ṣe olùwà, ẹni tó ṣe é. Nǹkan náà ló wá bá mi nílé. Ẹ̀yin lẹ wá sọ ọ́ di gbèsè tí mo jẹ.

Arákùnrin wa tó wà ní Manchester bi mí pé “àìsàn” náà, àì ló fi bẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí n ò bá a jà? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó gba oorun lójú mi. Àìsàn: àì, sàn. Ó tán. Kò sí “ní” níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àìsàn fi lè máa ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀mọ̀wé wá fi àìlera gbè é lẹ́sẹ̀, tó ní “ní” àti “ara” ló bí i, mo jù fóònù sórí àga. Ní àti ara, “lára” ni wọ́n máa bí! À bá máa pè é ní àìlára. Le àti ara ni, bí ó ṣe wà nínú ìlera. Ọmọ JSS 2 mọ èyí, ọdún 31 ni mo sì fi kọ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé ẹ̀rí dẹ́rù bà mí níbí.

Ìsẹ́yìn ni bàbá tó bí ìyá mi ti hun òfì títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bí ọmọṣẹ́ bá jókòó sídìí òfì tí ọwọ́ rẹ̀ kò lọ, Bàbá á wò ó fẹ́rẹ́. Ó lè ní, “Ara rẹ̀ ò yá.” Àgbo ni wọ́n máa gbé fún un. Ó sì lè ní, “Ara rẹ̀ ò yá sí i.” Ẹ gbọ́ “sí i” yẹn? Ìgbájú ló tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì péré ló wà láàárín àgbo àti ìgbájú. (Yá yìí kan náà ló wà nínú yára, ẹ lọ wò ó.) Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí iṣẹ́ Iléyá pọ̀, ọmọ kan ti ń hun láti ìdájí di alẹ́ fún bí oṣù kan, ó wá ń wo òwú bí ẹni ń wo ọ̀tá. Bàbá ò gbá a, kò gbé àgbo. Ó ní, “Agara ti dá a. Ẹ jẹ́ kó lọ bá ìyá ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.”

Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ nípa burnout ní 2019 nínú ICD-11, ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n ní kì í ṣe àrùn, ibi iṣẹ́ ló ti ń wá. Wọ́n ka àmì mẹ́ta: okun á tán, ọkàn á kúrò lára iṣẹ́ tàbí kó máa kórìíra rẹ̀, iṣẹ́ ò sì ní jáde dáadáa lọ́wọ́ ẹni mọ́. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sú u, ọwọ́ rẹ̀ rọ. Bàbá ìyá mi ò ka ìwé kankan, agara ló pè é. “Àìlágbára-ọkàn” yín, èwo ló mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Bóyá àbọ̀ ọ̀kan.

Ẹni tó ní ká lo ìrẹ̀wẹ̀sì: ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò lè rẹ̀wẹ̀sì láì ṣe iṣẹ́ kankan. Ìlọ́wọ́ọ́wọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìjọ Laodikea inú Bíbélì, tí kò gbóná tí kò tutù. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tiẹ̀ ní “mi ò lè wá kú”. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀ ju tiyín lọ.

Ọ̀mọ̀wé tún pa á lówe pé okun inú la fi ń gbé tìta, pé inú ni ọkàn wà. Ikùn ni inú yẹn, ẹ̀gbọ́n! Oúnjẹ ni wọ́n ń wí.

Àbúrò, kí o tó tẹ ìwé náà, fi àmì ohùn sí i. Mo rí “aare mu nọọsi” nínú èyí tí o fi ránṣẹ́. Ṣé àárẹ̀ ló mú un ni, àbí Ààrẹ ní Abuja? Ẹni tó bá ọ tún “ó rẹ nọ́ọ̀sì” ṣe sí “ó rẹ̀ nọ́ọ̀sì”, dá a padà: ohùn ìsàlẹ̀ ń bọ́ níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ó ń padà nínú “ó rẹ̀ ẹ́”. Ẹni tó sì ní ara + rẹ̀ ló di àárẹ̀, ohùn àárín méjì ni ara ní. Níbo ni “à” ti rí ohùn ìsàlẹ̀, tí “á” sì rí ohùn òkè? Má sọ fún mi pé ó yí ni. Kí ló yí i?

Ó ku “dá” tó wà nínú agara dá mi. Mo ní dá ti igi ni, bí ọ̀pá ṣe ń dá sí méjì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn ní irọ́ ni, pé dá ti ẹni tí wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà ni. A fà á títí lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Mo bi í pé ta ló dá a dúró, ló bá pa fóònù mọ́ mi létí.