Kí ni mo lè ṣe kí onímọ́tò máa tètè rí ọ̀kadà mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀kadà Bajaj ni mò ń gùn, láti Sábó n'Íkòròdú lọ sí Ìmọ̀tà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, dánfó kan ṣàdédé ya sí iwájú mi. Nígbà tí mo bá awakọ̀ náà wí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, mi ò rí yín rárá." Ọ̀sán gangan ni o!

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tan iná iwájú tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ńṣe niná ọ̀hún ń ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán. Mẹkáníìkì mi ní kí n pààrọ̀ rẹ̀ sí LED. Ẹlòmíràn ní yóò máa fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ẹ̀yìn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí àwọn tírélà. Téèpù tó máa ń dán tí iná mọ́tò bá kàn án, ṣé òjò kì í ṣí i kúrò? Jákẹ́ẹ̀tì dúdú ni mo sì ń wọ̀ (kì í tètè dọ̀tí ni). Àwọ̀ ọsàn ni kí n rà ni, àbí èyí tó dà bí ewé tútù?