Ta ló ti tọpa àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá sí Kánádà, tí wọ́n padà di sójà?

IyaIbeji_Hamilton: Ẹ kú ilé o. Bàbá tó bí bàbá ọkọ mi wà lára àwọn Home Children tí wọ́n kó láti England wá ṣiṣẹ́ oko ní Ontario. Wọ́n ní ó lọ sógun 1914. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá irú wọn rí, kí lẹ bá pàdé?

Akin_Peterborough: Màmá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ló ní kí n bá òun wá bàbá òun. Fáìlì àwọn sójà ogun yẹn wà lórí ìkànnì Library and Archives Canada, ọ̀fẹ́ ni. Níbi tí wọ́n ti bi í léèrè ìbátan tó sún mọ́ ọn jù, orúkọ àgbẹ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Wọ́n fi yíǹkì pupa fagi lé e, wọ́n wá kọ orúkọ arábìnrin rẹ̀ kan sókè, àdírẹ́sì London. Màmá ò gbọ́ ọ rí pé bàbá òun ní ọmọ ìyá kankan.

Bisi_Abk: Yéè! Ẹ̀gbọ́n àbí àbúrò?

Akin_Peterborough: Ẹ̀gbọ́n ni. Dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 10 ni owó wọn lóòjọ́, ó sì ń fi lára ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù.

Omo_Olubadan: Ṣebí ọmọ òrukàn ni wọ́n?

Tunde_Leeds: Rárá o. Òbí ọ̀pọ̀ wọn wà láàyè, ìṣẹ́ ló fà á. Láti 1869 lọ, àwọn tí wọ́n kó lọ lé ní 100,000. Nǹkan bí 10,000 ló ja ogun yẹn. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ wọn wọṣẹ́ ológun kí wọ́n lè rí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ wọ̀ padà sílé.

Bisi_Abk: Kéèyàn gba ojú ogun kó tó lè fojú kan ẹ̀gbọ́n ẹ̀!

Kemi_Kent: Àwa táwọn òbí wa fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó ní Kent ní England láyé 1960 ńkọ́?

Omo_Olubadan: Kò jọra. Wọ́n ń sanwó, wọ́n sì ń bẹ̀ yín wò.

Kemi_Kent: Ta ló sọ fún yín? Èmi ni mo gbé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá mi dé, mi ò dá wọn mọ̀, mi ò gbọ́ Yorùbá tí wọ́n ń sọ.

Bisi_Abk: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí.

Omo_Olubadan: Ẹ má bínú, mà. Àmọ́ wọ́n padà wá mú yín.

Kemi_Kent: Òótọ́ nìyẹn. Ti Kánádà, ta ló wá mú wọn?

Tunde_Leeds: Ìyá Ìbejì, ẹ má gba ọjọ́ orí inú fọ́ọ̀mù gbọ́ o. Ọmọ ọdún 16 á ní òun ti pé 19. Ìwé èrò ọkọ̀ ojú omi ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Claude Nunney, sójà Kánádà tó gba Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù, náà wà lára wọn. Ọgbẹ́ ogun ló pa á ní September 1918.

Alhaji_Ede: Bàbá àgbà mi náà bu ọdún kún ọjọ́ orí wọn kí wọ́n tó lọ sógun àgbáyé kejì ní Burma.

Akin_Peterborough: Alhaji, ẹ̀ka sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wo ni wọ́n wà? 81 àbí 82?

IyaIbeji_Hamilton: Mo ti rí fáìlì ẹ̀!! Níbi ìbátan, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà tí ìyá rẹ̀ kọ sí i ní 1919 wà nínú àpótí wa níbí. Ọkọ mi ti ń pe àwọn àbúrò ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alhaji_Ede: 82 ni. Wọ́n dé Arakan ní Burma.