Ọ̀nà Ìfúnpọ̀ Ohùn Tó Yẹ Rédíò Wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lókè òkun. Ẹ̀gbọ́n wa béèrè pé ọ̀nà wo ni kí á máa fi fún ohùn rédíò wa orí íńtánẹ́ẹ̀tì pọ̀, kí ó má baà jẹ dátà jù. Ìdáhùn tèmi ni pé ìyá tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà ní Ọjà Jagun ni kí á kọ́kọ́ rò.

MP3 àti Opus jẹ́ ọ̀nà méjì tí a fi ń fún ohùn pọ̀. MP3 oníkílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 58 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n Opus oníkílóbíìtì 48 kì í jẹ ju nǹkan bíi 22 lọ. Ọdún 2012 ni Opus di ìlànà tí a fọwọ́ sí fún íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pa ọgbọ́n méjì pọ̀ ṣe é, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ẹnu, èkejì fún orin, ìdí sì nìyẹn tí ìròyìn fi máa ń dún ketekete lórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni a ó máa lò ó.

Èdè wa ló ká mi lára jù. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í tètè sọnù, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín “s” àti “ṣ” ń bẹ lápá ibi tí ohùn ti ń dún tín-ín-rín, apá yẹn gan-an sì ni MP3 kọ́kọ́ máa ń gé dànù bí a bá fún un pọ̀ jù, débi pé “sẹ́” àti “ṣẹ́” lè jọra létí. Ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí apá tín-ín-rín yẹn ni ohùn rẹ̀ pọ̀ sí. HE-AAC, tó jẹ́ ọ̀nà ìfúnpọ̀ mìíràn, kì í fi apá tín-ín-rín yẹn ránṣẹ́ lódindi. Àpèjúwe rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́, kí fóònù olùgbọ́ tún un ṣe. Mo gbà á fún ìròyìn, n kò gbà á fún ìlù àti orin wa.

Nítorí náà, kí á fi Icecast, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé ohùn rédíò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣí ọ̀nà méjì: Opus 48 fún ọ̀rọ̀, kí á gbé e dé 96 nígbà orin, àti MP3 64 alápá kan (mono) fún àwọn iPhone àtijọ́ tí kì í ṣí Opus.

Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn tó ń gba oríkì sílẹ̀ nílé má ṣe fi í ránṣẹ́ bí ohùn WhatsApp, nítorí a ti fún ìyẹn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó bá sì ti sọnù nínú ìfúnpọ̀ kì í padà mọ́. FLAC, ìfúnpọ̀ tí kì í sọ ohunkóhun nù nínú ohùn, ni kí wọ́n fi ránṣẹ́, bí fáìlì. Fáìlì náà tóbi, nítorí náà ó tọ́ kí àpò ẹgbẹ́ wa san owó dátà wọn.