Orí adìẹ lọ, ara wà. Òròmọdìẹ pòórá láìsí ìyẹ́. Kí ló ń wọlé lóru?

Ọlọ́sìn Tuntun, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Adìẹ ìbílẹ̀ 14 ló wà lẹ́yìnkùlé. Pákó ni ilé wọn, ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4, nẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà (wáyà tí ojú ihò rẹ̀ ní igun mẹ́fà) ló bo iwájú, ilẹ̀ lásán sì ni ìsàlẹ̀. Òkú méjì wà nínú ilé láàárọ̀: orí ti lọ, ara ṣì wà lódindi. Òròmọdìẹ mẹ́ta tún pòórá, kò sí ìyẹ́ kankan nílẹ̀. Ṣé ẹranko kan náà ni? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Ó jọ pé ẹranko méjì ni. Bí orí bá lọ tí ara wà, ó ṣeé ṣe kí ohun tó pa á má wọlé rárá. Ó lè jẹ́ pé adìẹ sùn ti nẹ́ẹ̀tì, tí ológbò tàbí ẹtà sì fa orí rẹ̀ gba ojú ihò. Ẹ gbé igi ìsùn wọn kúrò lẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ òní, ó kéré tán íńṣì 18.

Nẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà, kí adìẹ má baà jáde ni wọ́n ṣe é fún. Ajá a máa fi eyín ya á. Èyí tí wọ́n fi iná jó wáyà rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, tí ihò rẹ̀ kò ju ìdajì íńṣì lọ, ni kí ẹ rà. Ìta pákó ni kí ẹ ti kàn án, kí ẹran tó bá ń tì í máa tì í mọ́ igi. Ẹ fi wọ́ṣà (irin pẹlẹbẹ tó ní ihò láàárín) sábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan, ní íńṣì mẹ́rin-mẹ́rin. Ìṣó tí wọ́n kàn tẹ̀ lórí nẹ́ẹ̀tì máa ń tú.

Ní ti ìsàlẹ̀, àyíká ilé yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20. Ẹ ra 22, kí etí lè gorí ara wọn. Ẹ ri nẹ́ẹ̀tì náà mọ́lẹ̀ ní íńṣì 12, kí ẹ wá tẹ íńṣì 12 mìíràn síta lábẹ́ ilẹ̀. Ìdí ògiri gan-an ni ẹran ti máa ń gbẹ́lẹ̀. Bó bá kan irin, kì í ronú láti sún sẹ́yìn.

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú:
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ní ti òròmọdìẹ, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa. Bí ihò bá wà tí erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, ó lè jẹ́ òkété. Bí kò bá sí ihò, ẹ fura sí ejò. Eku ló sábà máa ń fa ejò wá, oúnjẹ adìẹ ló sì ń fa eku. Ẹ kó oúnjẹ sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, ẹ kó ẹyin kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ gé koríko àyíká mọ́lẹ̀. Ìka ọwọ́ kò gbọdọ̀ kọjá lábẹ́ ìlẹ̀kùn. Ìkọ́ kan ní àárín kò tó. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi í sí, torí igun ìsàlẹ̀ ni ẹran máa ń tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó ra káńfọ̀, kì í lé ejò. Ẹ má sì da ọtapiápiá sílẹ̀ fún eku: adìẹ á ṣa eku tó kú jẹ, òun náà sì lè kú.

Ọlọ́sìn Tuntun, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣé gan-an. Ihò wà lẹ́yìn ilé lóòótọ́. Ìjàlọ ńkọ́? Òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Alágò:
Ìjàlọ kò ka nẹ́ẹ̀tì sí. Adìẹ tó sàba àti òròmọdìẹ tí wọ́n há mọ́lé ló ń pa jù. Ẹ gbé àgò wọn sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo tí ẹ bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí, íńṣì méjì. Ẹ fi páànù kékeré ṣe agboòrùn sórí agolo náà, torí bí omi òjò bá wọ̀ ọ́, ọ́ìlì á léfòó, á sì ṣàn dànù. Ewé kan ṣoṣo tó bá kan àgò ti di afárá fún wọn, nítorí náà ẹ máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ẹ má da kẹrosíìnì sínú ilé adìẹ.