"Àwárí" kọ́: lórí orúkọ tí a ó fún ìṣúra inú ilẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka ohun tí arákùnrin wa tó ń gbé Gwarinpa kọ, mo sì tún un kà. Ẹnìkan ló bi wá pé bí lébìrà tó ń gbẹ́ kànga nínú ọgbà onílé kan ní Kubwa, ní Abuja níbí, bá kan ìkòkò tó kún fún owó àtijọ́, ta ló ni ín, kí ni ká sì máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá? Arákùnrin wa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Ó ní "ìṣúra àwárí" ni kó máa jẹ́, pé orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti dá ẹjọ́ yẹn: ẹni tó wá a tó sì rí i ló ni ín. Àwọn kan ti ń kí i kú oríire.

Èmi ò bá wọn kí i. "Wá" tó wà láàárín ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bí mi nínú. Ṣé a ti gbàgbé pé àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀ ni? Ẹni tó ń ṣe àwárí mọ ohun tó ń wá, kò sì ní sinmi títí yóò fi rí i. Lébìrà tí wọ́n ní kó gbẹ́ kànga, kí ló ń wá? Bó bá tilẹ̀ ń wá nǹkan, omi ló ń wá. Dígà rẹ̀ ló kan ìkòkò. Tí a bá wá ní ó ṣe àwárí, irọ́ la pa mọ́ ọn, a sì fi irọ́ náà fún un ní ẹ̀tọ́ tí adájọ́ kankan kò tíì fún un.

Nígbà tí mo sọ èyí, arákùnrin wa ní "àwàrí" ló wà lọ́kàn òun, "wà" ti ilẹ̀ wíwà. Ṣé bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn? Ó kọ "awari" lásán, kò fi àmì kan lé e lórí, ó wá ń retí kí á gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tí kò kọ. Mo mọ̀ pé "wà" wà. Òun ló wà nínú ìwalẹ̀ àti ìwakùsà, ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e ló gbé ohùn rẹ̀ wá sí àárín. Ṣùgbọ́n ẹ pe "àwàrí" sí ọmọ yín létí, kí ẹ ní kó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹnu ọjà ńkọ́? Gbígbẹ́ là ń gbẹ́ kànga, kíkàn la sì ń kan omi.

Ibi tó dùn mí jù nìyí: ó ní Yorùbá tí wọ́n bí sí Jos kò lè kọ́ òun lédè, pé Haúsá ti ba ahọ́n wa jẹ́. Bàbá mi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù ní Jos fún ọ̀pọ̀ ọdún, láàárín àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tajà, àwọn Berom tó ni ilẹ̀, àti àwọn tó wá wa kùsà. Kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́ títí yóò fi bi í pé, "Ṣé o jí i ni, àbí o he é, àbí wọ́n fi í pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ?" Ó ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ̀wọ̀n wà lábẹ́ rẹ̀, ògbufọ̀ tó bá dà wọ́n pọ̀ ti ran ènìyàn lẹ́wọ̀n. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Òun náà ló sọ fún mi pé "kùsà" inú "ìwakùsà" tí gbogbo ìwé ìròyìn Yorùbá ń lò, "kuza" Haúsá ni, ìyẹn tíìnì. Nítorí náà, kí arákùnrin wa rọra bú ahọ́n Àríwá.

Ó yá, ìkòkò owó. Láwọn ibòmíràn, òfin máa ń bi ẹni tó fi nǹkan náà síbẹ̀ àti ohun tó ní lọ́kàn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin àtijọ́ ni pé wúrà tàbí fàdákà tí ẹnìkan fi pamọ́ tó sì ní in lọ́kàn láti padà wá kó, bí a kò bá mọ olówó rẹ̀ mọ́, ọba ló ni ín. Ní 1939 wọ́n hú ọkọ̀ ojú omi kan àti ọ̀pọ̀ wúrà nínú òkìtì ní Sutton Hoo, lórí ilẹ̀ obìnrin opó kan, Edith Pretty. Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní ńṣe ni wọ́n sin ín mọ́ òkú, ẹni tó bá sì sin nǹkan mọ́ òkú kò ní in lọ́kàn láti padà wá hú u. Bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọba nìyẹn tó di ti Pretty, òun náà sì fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum lọ́rẹ. Ìyàtọ̀ láàárín "sin" àti "rì mọ́lẹ̀" ló dá ẹjọ́ yẹn, ó sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Òkú là ń sin, owó là ń rì mọ́lẹ̀.

Bí arákùnrin wa bá sì fẹ́ àwárí tòótọ́, òun nìyí. Ní 2009, Terry Herbert gbé ẹ̀rọ tó ń fi irin inú ilẹ̀ hàn lọ sí oko Fred Johnson ní Staffordshire, ó sì rí wúrà àtijọ́ tí wọ́n díye lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn ó lé. Ó wá a, ó rí i. Síbẹ̀, ìdajì ló gbà, ìdajì yòókù lọ sọ́dọ̀ Johnson tó ni oko. Wíwá kò sọ ọ́ di olówó gbogbo rẹ̀. Àwọn áfáà wa pàápàá mọ̀ pé rikaz, ohun tí àwọn ará àtijọ́ rì mọ́lẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde; wọn kì í sì í dà á pọ̀ mọ́ ohun tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fi sínú ilẹ̀.

Arákùnrin wa dà á pọ̀ ní tirẹ̀. Ó ní "ohun àlùmọ́ọ́nì" ni ìkòkò náà, nítorí náà bí kì í bá ṣe ti lébìrà, á jẹ́ ti ìjọba. Abala 44 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fi ọwọ́ mọ ìkòkò fún ilẹ̀? Ohun ọwọ́ ènìyàn ni. Tó bá jẹ́ ohun àtijọ́, òfin àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1979 ló kàn án. Kò jìnnà sí wa níhìn-ín: orí kan tí àwọn ará Nok àtijọ́ fi amọ̀ mọ, tí wọ́n rí nídìí ìwakùsà, akọ̀wé kan gbé e lọ sí oko iṣu rẹ̀ láti fi lé ẹyẹ, ibẹ̀ ló wà kó tó dé ọwọ́ Bernard Fagg, òyìnbó tó ń ṣèwádìí ohun àtijọ́. Akọ̀wé yẹn kò ṣe àwárí ohunkóhun.

Ìyá wa, Alhaja tó ń kọ̀wé láti Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ní "onílẹ̀ ló ni ín". Ní Abuja, ta ni onílẹ̀? Abala 297 nínú ìwé òfin kan náà ní ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ olú-ìlú yìí. Ẹni tó ní C of O, ìwé àṣẹ láti lo ilẹ̀, ní Kubwa, onílé ni. Àmì abẹ́ "e" àti ohùn orí rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára onílẹ̀. Àwọn Gbagyi ló sì ń dáko níbẹ̀ kí wọ́n tó fi òfin 1976 dá olú-ìlú sílẹ̀. Bó bá jẹ́ baba ńlá ọ̀kan nínú wọn ló rì í mọ́lẹ̀ ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú tì í, ẹni tó sọ ọ́ nù ńkọ́? "Àwárí" kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni yẹn rárá.

Ìdí nìyí tí mo fi ní "ìṣúra ìrìmọ́lẹ̀" ni ká máa pè é. Ó sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe, ó sì dákẹ́ nípa ẹni tó ni ín títí adájọ́ yóò fi sọ̀rọ̀. Alhaja ní ilé ìṣúra ìjọba nìkan ni "ìṣúra" wà fún. Ìṣúra tí wọ́n fi pamọ́ sínú oko nínú Mátíù orí kẹtàlá kì í ṣe ti ìjọba kankan, ọkùnrin tó rí i ní láti ta ohun gbogbo tó ní kó tó ra oko náà. Mo mọ̀ pé wọn kò ní gbà, a ó máa bá a lọ.

Arákùnrin wa ti ní bí òun bá gbọ́ "ìrìmọ́lẹ̀", ìrì tó ń sẹ̀ lówùúrọ̀ ni òun gbọ́. Kó mú òmíràn wá nígbà náà, ṣùgbọ́n kí "wá" má ṣe sí nínú rẹ̀, kó sì fi àmì ohùn sí i.