Ìtọ́kasí ni, kì í ṣe ìjẹ́rìí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè,

Ọ̀kan nínú wa dábàá pé, bí olùṣèwádìí kan bá dárúkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn nínú àpilẹ̀kọ tirẹ̀, kí a máa pe ìdárúkọ bẹ́ẹ̀, èyí tí Òyìnbó ń pè ní "citation", ní "ìjẹ́rìí", nítorí pé ẹni tí ó dárúkọ iṣẹ́ mi ti jẹ́rìí sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntòkun, oníṣègùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, ni n ó sì fi ṣàlàyé.

Ní ọdún 1968, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà Brain lórí àrùn kan tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ aláìsàn dúró ṣinṣin nílẹ̀ mọ́, tí ó sì ń ba ojú àti etí jẹ́, èyí tí ó so mọ́ májèlé tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́. Ní ọdún 2003, Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìlú tí àrùn náà ti wọ́pọ̀ wé ìlú tí kò ti wọ́pọ̀, wọ́n sì sọ pé ó jọ pé májèlé ẹ̀gẹ́ kọ́ ni ó ń fà á. Ta ni yóò ṣe irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ láì dárúkọ iṣẹ́ àgbà tí ó ti wà nílẹ̀? Àtakò ni, síbẹ̀ ení ni àwọn tí ń ṣírò iye ìgbà tí a dárúkọ iṣẹ́ kan ń kà á sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka ti ẹni tí ó gbóríyìn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Àwọn oníṣirò wọ̀nyí kì í béèrè irú ọwọ́ tí a fi júwe.

Nítorí náà, "ìtọ́kasí" tí àwọn olùkọ́ wa ti ń lò ni mo fara mọ́, nítorí pé kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé à ń lò ó fún nǹkan méjì: àwọn iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé kan tò sí ìparí àpilẹ̀kọ rẹ̀, àti iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn dárúkọ tirẹ̀. Èdè wa ti fún wa ní ọ̀nà àbáyọ. Ìsè ni iṣẹ́ tí alásè ń ṣe, àsè ni ohun tí a jókòó tì. Ìkójọ ni kíkó nǹkan jọ, àkójọ ni ohun tí a kó jọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ìṣe náà jẹ́ ìtọ́kasí, kí iṣẹ́ tí a tọ́ka sí sì jẹ́ àtọ́kasí. Àpilẹ̀kọ 1968 yóò di àtọ́kasí nínú ìwé Olúwọlé, yóò sì gba ìtọ́kasí kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò nígbà tí a bá dé orí ìwádìí nípa àìsàn àwọn arúgbó. Àpilẹ̀kọ kan jáde nínú JAMA, jọ́nà ìṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 2001, èyí tí Hendrie, Ògúnníyì àti àwọn mìíràn kọ nípa àrùn ọpọlọ tí ń mú kí iyè àgbàlagbà rá. Nínú àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè, ìpín 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń mú lọ́dọọdún láàárín àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òǹkọ̀wé méjìlá ló fọwọ́ sí àtọ́kasí kan ṣoṣo yìí, ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì gbà ń wọ àpamọ́ gbogbo wọn. Ọ̀ṣúntòkun, ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ti dolóògbé ní 1995. Àtẹ̀jáde a máa dáwọ́ dúró pẹ̀lú òǹkọ̀wé. Ìtọ́kasí kì í dúró.

Ní ti òṣùwọ̀n iṣẹ́ olùṣèwádìí tí Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, gbé kalẹ̀ ní 2005, tí ẹni tí ó ní àpilẹ̀kọ 30 tí ìkọ̀ọ̀kan wọn gba ó kéré tán ìtọ́kasí 30 fi ń gba 30, "òǹkà Hirsch" ti tó. "Òṣùwọ̀n ọlá" tí ẹnìkan mú wá ti ń dájọ́ kí a tó kà á.

Ó ku ti àmì ohùn. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, kí a kọ Ọ̀ṣúntòkun. Nínú àkójọ àwọn àtọ́kasí, kí a fi Osuntokun sílẹ̀ bí jọ́nà ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ẹni tí ó bá ń wá a lè rí i.