Àbọ̀ lórí àga yàrá ìwòran wa
Mo bèèrè lóṣù tó kọjá pé irú àga wo ló yẹ yàrá tí a ti ń wo fíìmù nílé wa ní Ìlọrin, nítorí ẹ̀yìn tó ń dun bàbá mi. A ti rà á o.

Ọ̀pọ̀ yín ní kí n ra aláwọ, ṣùgbọ́n nínú ooru ìlú wa, awọ a máa lẹ̀ mọ́ni lára, nítorí náà aláṣọ ni mo mú, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbé ọrùn ró láìbo etí, kí ó má baà dí ohùn tó ń ti ẹ̀yìn yàrá wá. Fóòmù rẹ̀ le díẹ̀: bí mo ṣe fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kíá ló dìde padà. Mo fi àyè sílẹ̀ kí a lè dà á sẹ́yìn láìkan ògiri.

Lálẹ́ àná, bàbá mi jókòó fún wákàtí méjì, ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀ dáadáa, wọn kò sì bèèrè ìrọ̀rí rárá. Ẹ ṣeun gan-an ni.